A N PON OKO

Iná ni Akóredé kọ́kọ́ rí kí ó tó rí obìnrin náà. Iná wẹ́wẹ́ ń ta jáde lábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ìkòsì, ó ń fọ́n ká bí ìgbà tí ènìyàn gbọn ìyẹ̀fun dànù, ó sì ń kú kí ó tó kan ilẹ̀. Lẹ́yìn iná náà ni ó rí ọwọ́ méjì nínú ìbọ̀wọ́ awọ. Lẹ́yìn ọwọ́ ni ó rí gíláàsì ńlá tí ó bo ojú, àti ìborùn aláwọ̀ ewé tí a wé mọ́ orí pinpin. Ẹni náà pa ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ó sún gíláàsì náà lọ sí iwájú orí. Eruku irin ti sọ ojú rẹ̀ di dúdú, àfi ibi tí gíláàsì ti bò, tí ó mọ́ roro bí ojú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

Akóredé gbàgbé ohun tí ó bá wá.

Ẹ̀rọ agégi ni ó gbé dání. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa gé koríko, kí ó sì máa tọ́jú igi ní àwọn ilé ńláńlá ní Magodo. Ṣakí ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí ó ti ń jẹun Èkó. Fún ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ̀rọ náà ti ń dà á láàmú. Bí ó bá fi lé igi, kò ní gé tààrà. Yíyà ni yóò máa yà, bí ewúrẹ́ tí ó rí koríko ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Aṣọ́nà kan ní géètì ni ó sọ fún un pé bàbá kan wà ní Ìkòsì tí ó mọ irin pọ́n. Kò sọ fún un pé bàbá náà ní ọmọbìnrin.

Lókè orí obìnrin náà ni pátákó irin funfun kan wà. Wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà sí i, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀ tàbí lábẹ́ rẹ̀:

A N PON ADA, OKO ATI ERO NIBI.

Akóredé kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Nígbà tí ó wà ní ilé ìwé girama, kò sí iṣẹ́ tí ó mọ̀ tó Yorùbá, àmì ohùn kì í sì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kí obìnrin náà kú iṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ wá ṣáájú ọgbọ́n rẹ̀.

“Aunty, mo rí i kà níbí pé ẹ ń pọ̀n ọkọ,” ó ní. “Mi ò tíì jẹ́ ọkọ ẹnikẹ́ni o, àmọ́ tí ẹ bá lè gbé mi, mo ti dé.”

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, bí alárùú tí ń wo àpò gaàrí tí wọ́n fẹ́ gbé lé e lórí.

“Ẹ tóbi díẹ̀,” ó ní. “Ẹ kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ ná, kí n lè mọ ìwọ̀n yín.”

Ìgbà yẹn ni ó tó rẹ́rìn-ín, Akóredé sì gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀.

Adédiwúrà ni orúkọ rẹ̀. Ó fi ìka kan yí ẹ̀wọ̀n ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀, ó ń wo eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá béèrè ẹni tí ó pọ́n ọn kẹ́yìn. Akóredé ní òun fúnra òun ni.

“Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni yín.”

Ó bi í bí ó ṣe mọ̀.

“Apá kan mú, apá kejì kú,” Diwúrà wí. “Ẹ wò ó: eyín kan kọjú sí ọ̀tún, èyí tó tẹ̀lé e kọjú sí òsì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò yí ká. Èyí tó rọ̀ yín lọ́wọ́ lẹ pọ́n dáadáa, ẹ wá sáré kọjá lórí ìyókù. Ẹ̀rọ ò kí ń gbàgbé irú ẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti kẹ́ ẹ jù ló máa ń yà sí.”

Ó fi ẹfun sàmì sí eyín kan, ó ní kí òun má baà ṣi ibi tí òun ti bẹ̀rẹ̀ ni. Ó wá mú ẹ̀rọ kékeré kan, tí kò gùn ju ìgò minirá lọ, tí òkúta róbótó kan bí ìka ọmọdé ń yí bìrìbìrì lẹ́nu rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fa ìlà sí lára wà lọ́rùn rẹ̀. Ìlà yẹn ni Diwúrà ń tẹ̀lé kí ọwọ́ rẹ̀ lè dagun bí ó ti yẹ. Ó pọ́n gbogbo eyín apá òsì tán kí ó tó yí ara padà sí ti ọ̀tún, ó sì ń ka iye ìgbà tí òkúta kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí èyíkéyìí má baà jẹ ju èkejì lọ.

“Ẹ̀fọn yẹn tún ti ń ké,” ohùn kan wí láti inú ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá Ògúntúndé ni. Ó jókòó lórí àpótí, ó fi orúnkún méjèèjì di àdá kan mú, ó ń fi fáìlì fà á, fáà, fáà, fáà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ó ti ń fi fáìlì pọ́n nǹkan lábẹ́ páànù yẹn, kò sì rí ohun tí ẹ̀rọ tí ó ń han bí ẹ̀fọn fẹ́ fi hàn án. Ìyàwó rẹ̀, Hàlímátù, ti kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni Diwúrà ti fi iṣẹ́ ọ́fíìsì tí ó ń ṣe ní Anthony sílẹ̀, tí ó wá jókòó ti bàbá rẹ̀. Bàbá kò ní kí ó wá. Kò sì ní kí ó padà.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ Akóredé gé igi furúùtù kan ní Magodo tààrà bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Inú rẹ̀ dùn, ó sì tún bàjẹ́. Irin tí ó bá mú tó bẹ́ẹ̀ kò ní tètè kú, ta ni yóò wá gbé e lọ sí Ìkòsì?

Ó rí ọgbọ́n dá sí i. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ó gbé àdá wá. Ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ó gbé sísọ́ọ̀sì òdòdó tí ó ti dípẹtà wá. Diwúrà tú òkúta kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ kékeré náà, ó fi orí rírọ̀ kan tí ó dà bí aṣọ òtútù sí i, ó sì nu ìpẹtà náà dànù. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, àdá àkọ́kọ́ tún padà dé, ẹnu rẹ̀ ti kán káàkiri. Diwúrà gbé e sókè sí ojú oòrùn.

“Ọ̀gá Akóredé,” ó ní, “ṣé òkúta ni wọ́n ń gbìn ní Magodo báyìí?”

Akóredé wo ilẹ̀. Òótọ́ ni pé ó ti fi àdá náà gbá etí gọ́tà ní ìgbà mẹ́fà, ní ọ̀sán gangan, tí aṣọ́nà sì ń wò ó bí wèrè. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ le ni.

“Ilẹ̀ ibẹ̀ le,” Diwúrà wí. “Ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé kó má pa àdá tí ò ṣẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ wá, ẹ máa wá.”

Síbẹ̀, ọkọ́ tuntun ni ó gbé wá lẹ́yìn ìyẹn, tí bébà ọjà ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lára, tí kò tíì fojú kan ilẹ̀ rí. Diwúrà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Bàbá Ògúntúndé wo ọkọ́ náà, ó wo ọmọkùnrin náà, ó tún padà sí ìdí fáìlì rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ kan péré ni ó sọ fún ọmọ rẹ̀: “Ọmọkùnrin yẹn, irin rẹ̀ pọ̀.”

Báyìí ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí Diwúrà bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, wọn a jọ rìn títí dé Ketu, wọn a jọ jẹ bọ̀ọ̀lì nínú bébà kan ṣoṣo, wọn a sì tún rìn padà, nítorí pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn fẹ́ ṣe ní Ketu. Akóredé a máa dárúkọ gbogbo igi tí wọ́n bá kọjá lára rẹ̀ fún un. Ó kọ́ láti máa pè é ní “Diwúrà mi,” òun náà sì kọ́ láti dáhùn. “Ẹ” kúrò láàárín wọn, “o” sì rọ́pò rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó rántí ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí Akóredé dá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sílẹ̀, Diwúrà kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún un. Ó ní òun fẹ́ ẹ. Ó ní ṣùgbọ́n ẹnì kan ti kúrò lára bàbá òun láìdágbére, òun kò ní jẹ́ ẹni kejì.

“Mi ò lè kúrò lábẹ́ páànù yẹn àfi tí òun fúnra ẹ̀ bá ní kí n máa lọ. Tó bá ní rárá, rárá náà nìyẹn, Akóredé. Mi ò ní sá tẹ̀ lé ọ.”

Akóredé ní òun kò fẹ́ aya tí yóò sá wá. Ó ní bí Sunday bá ti kọjá, ní òwúrọ̀ Monday, òun yóò lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá.

Kò tọ́ kí ènìyàn lọ dọ̀bálẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Akóredé ronú ohun tí ó lè ṣe tí yóò dùn mọ́ bàbá náà nínú. Ní ọjọ́ Saturday, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí Ajarat, obìnrin tí ń rẹ́ ẹ̀fọ́ ugu tà ní Mile 12, kó àwọn ọ̀bẹ rẹ̀ wá. Bí ó ti ṣe máa ń ṣe, ó nàka sí pátákó, ó ní kí Diwúrà bá òun pọ̀n ti òun náà, nítorí pé ó ti sanra, ẹ̀yìn sì ń dun òun. Àwọn tí ó wà ní ìtòsí rẹ́rìn-ín. Diwúrà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé wọ́n gún Akóredé ní abẹ́rẹ́. Ó gbàgbé pé òun náà ti fi pátákó yẹn ṣeré rí. Ó wò ó pé ẹ̀sín ni wọ́n ń fi ilé àna òun ṣe, nítorí àmì mélòó kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sunday, tí ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, ó ra ọ̀dà pupa kékeré kan àti búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́. Ó gun àga, ó sì fara balẹ̀ ṣe é. Ó fi àmì sórí èyí tí ó yẹ, ó fi sí abẹ́ èyí tí ó yẹ, mẹ́rìnlá lápapọ̀. Nígbà tí ó parí, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì kà á sókè:

A Ń PỌ́N ÀDÁ, ỌKỌ́ ÀTI Ẹ̀RỌ NÍBÍ.

Kò sí ẹni tí yóò tún lè ṣì í kà mọ́. Inú rẹ̀ dùn dé ilé.

Ní òwúrọ̀ Monday, ó bá bàbá Ògúntúndé ní ìdúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́. Diwúrà dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń mi orí sí Akóredé, ṣùgbọ́n kò yé e.

“Ta ló fi ọ̀dà kun ọwọ́ ìyàwó mi?” bàbá náà béèrè.

Kò pariwo. Ìbá sàn kí ó pariwo. Akóredé, tí orúnkún rẹ̀ ti ń tẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀, ní òun ni, sà. Ó ní òun tún un ṣe ni.

“O tún un ṣe.” Bàbá náà tún ọ̀rọ̀ yẹn wò lẹ́nu bí ẹni tọ́ oúnjẹ tí ó ti kan wò. “Gbé ohun tí o gbé wá. Wọ́n ń pọ́n nǹkan ní ibòmíràn.”

Lẹ́yìn èyí ni Diwúrà bá a ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ó sì ṣàlàyé fún un. Ìyá òun ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ pátákó náà, nígbà tí òun wà ní kékeré. Gbogbo ọjọ́ Friday ni bàbá òun ń fi àkísà tútù nù ún. Bí àwọn ènìyàn bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, kì í bínú sí wọn, ńṣe ni ó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí kì í rín sí ohun mìíràn. Òun kò mọ ìdí rẹ̀, òun kò sì béèrè rí.

Ẹni tí ó bá ti sin aya rẹ̀ mọ̀ pé ohun tí ó máa ń ṣẹ́ kù kò pọ̀. Aṣọ yóò gbó, òórùn ara yóò kúrò lára ìrọ̀rí. Bí aya náà bá kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ tí kò kú.

Akóredé ní kí òun ra kẹrosíìnì, kí òun fi nù ún kúrò. Diwúrà ní kẹrosíìnì kò mọ pupa yàtọ̀ sí dúdú. Bí ti Akóredé bá lọ, ti ìyá òun yóò bá a lọ. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ó dì í lọ́wọ́ mú fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó padà sí ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Ẹ̀rọ agégi Akóredé kú, ó gbé e fún ẹnì kan ní Ketu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí yà. Kò bá a jà. Bí igi bá gé wọ́rọkọ, Akóredé a kàn wò ó, a sì bọ́ sórí òmíràn. Diwúrà kì í pè é, nítorí pé ó ti sọ pé òun kò ní ṣe ohunkóhun lẹ́yìn bàbá òun. Akóredé náà kò pè é, nítorí pé kò ní ohun tí yóò sọ.

Ìdí òdòdó ni ìmọ̀ràn ti bá a. Ó ń fi sísọ́ọ̀sì gé òdòdó lọ́jọ́ kan, sísọ́ọ̀sì tí Diwúrà nu ìpẹtà rẹ̀ dànù, ni ó rí i pé orúkọ tí ilé iṣẹ́ fi ọ̀dà kékeré kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ pérépéré. Ìpẹtà ti lọ. Orúkọ kò lọ. Ó rántí orí rírọ̀ tí ó dà bí aṣọ òtútù. Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ láàárín òdòdó, ó sì gba Ìkòsì lọ.

Bàbá Ògúntúndé rí i lókèèrè. Akóredé kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí eruku irin, ní iwájú gbogbo ènìyàn, ó sì dúró síbẹ̀.

“Bàbá, ìgbà àkọ́kọ́ mi ò tọrọ àyè,” ó ní. “Mo wá tọrọ ẹ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ kí n yọ ohun tí mo fi síbẹ̀. Ẹ̀rọ Diwúrà lè yọ ọ́.”

Bàbá náà gbójú sókè wo pátákó. “Bí lẹ́tà kan bá bá a lọ ńkọ́?”

“Tí lẹ́tà kan bá bá a lọ, kí ẹ má jẹ́ kí n rí ọmọ yín mọ́.”

Fáìlì tí ó wà lọ́wọ́ bàbá dúró.

“Ẹ̀fọn,” bàbá náà wí nígbẹ̀yìn. “Ó dáa. Àmọ́ kì í ṣe Diwúrà ni yóò ṣe é. Ẹni tó fi í sí i ni yóò yọ ọ́.”

Akóredé kò di ẹ̀rọ náà mú rí. Wọ́n sọ pátákó kalẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Diwúrà fi gíláàsì rẹ̀ sí i lójú, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so okùn rẹ̀ lẹ́yìn orí rẹ̀, ìka rẹ̀ sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ó wá fi ẹfun fa ìlà kékeré kan sí abẹ́ PON, ó ní kí ó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

“Má tẹ̀ ẹ́,” ó wí sí i létí. “Ẹ̀rọ ló máa ṣiṣẹ́. Ìwọ ṣáà máa mú un lọ. Tí o bá ti rí funfun, gbé ọwọ́ rẹ.”

Ẹ̀fọn náà bẹ̀rẹ̀ sí ké. Akóredé fi orí rírọ̀ náà kan àmì tí ó wà lókè O, bí ẹni tí ń nu ẹnu ọmọ tí ó ń sùn. Ọ̀dà pupa náà tú bí ìyẹ̀fun. Funfun yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́. Diwúrà fẹ́ atẹ́gùn sí i. Lẹ́tà wà níbẹ̀. Àmì abẹ́ rẹ̀ ni ó le, nítorí pé ó ti lẹ̀ mọ́ ìdí O gan-an, òógùn sì ń wọ Akóredé lójú lábẹ́ gíláàsì. Diwúrà gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, kò tì í, kò fà á, ó kàn fi síbẹ̀. Àmì náà lọ. O náà dúró, dúdú bí ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́.

Ó wá kan OKO. Àmì mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kẹta lọ, bàbá Ògúntúndé na ọwọ́, ó ní ó tó.

Akóredé ní ó ku mẹ́sàn-án, sà.

“Mo mọ̀ ọ́n kà,” bàbá náà wí. Ó fa àpótí rẹ̀ mọ́ra, ó jókòó. Kò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn. Pátákó ni ó ń bá sọ̀rọ̀.

“Agílítì là ń gbé nígbà yẹn. Diwúrà ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Odò kún, ó wọlé bá wa, ẹsẹ̀ mi sì ti ṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Mo ní kí ìyá rẹ̀ gbé ọmọ, kó máa lọ. Ó gbé ọmọ lọ. Nígbà tó yá, mo tún rí i tó ń wọ́ omi bọ̀. Mo ní kí ló ń wá. Ó ní, ‘Mo ti pọ̀n kékeré, ó ku àgbà.’ Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú mi, omi dé ìbàdí rẹ̀. Obìnrin tí kò ju báyìí lọ. Ó pọ̀n mí títí dé ojú títì.”

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku pupa kúrò lórí pátákó.

“Nígbà tí a rí ṣọ́ọ̀bù yìí, ó ra ọ̀dà, ó kọ ọ́. Mo ní kó fi àmì sí i, kí wọ́n má fi wá rẹ́rìn-ín. Ó ní rárá. Ó ní bí òun bá fi àmì sí i, ohun kan ṣoṣo ni yóò máa sọ.” Ó na ìka, ó fi tọ́ àwọn lẹ́tà tí wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ àmì, lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ìwọ fi àmì sí i. Ó wá di ọkọ́ lásán.”

Diwúrà ti fi ìborùn bo ojú. Akóredé wólẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kò sì mọ̀ pé òun wólẹ̀.

“Dìde,” bàbá náà wí. “Àdá ò ní ìtàn kankan, ẹ̀rọ náà ò ní. Jẹ́ kí tiwọn wà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ dára. Hàlímátù ò ní kọ̀ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.”

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ohun tí ó sọ tó yé àwọn méjèèjì. Nígbà tí ó yé wọn, ẹ̀rù bà wọ́n láti wo ara wọn.

“Àwọn ará ilé rẹ wà ní Ṣakí?” bàbá béèrè. Akóredé ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. “Kí wọ́n wá. Diwúrà, o lè máa bá a lọ. Èmi ni mo ní kí o lọ.” Ó mú ẹ̀rọ kékeré náà lórí tábìlì, ó yí i wò, ó tún gbé e sílẹ̀. “Ìwọ, Akóredé. Wọ́n ní ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni ọ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ilé náà ní apá méjì. Bí o bá pọ́n ọ̀kan ju èkejì lọ, yóò yà.”

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Òjò ti rọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó sì dá ní ọ̀sán, oòrùn sì ń ràn lára gbogbo páànù Ìkòsì. Wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé tán, wọ́n sì padà sí ṣọ́ọ̀bù, nítorí Diwúrà ní òun fẹ́ kí ìyá òun rí òun kí òun tó lọ ilé ọkọ. Wọ́n dúró lábẹ́ pátákó díẹ̀. Nígbà tí wọ́n yí padà, omi gọ́tà ti kún bo iwájú ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ tí yóò gbé wọn sì wà ní òdìkejì.

Akóredé ní kí Diwúrà dúró, kí òun gbé e. Diwúrà bọ́ bàtà, ó gbé e fún bàbá rẹ̀. Ó ká aṣọ funfun rẹ̀ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀.

“Gùn mí.”

“Diwúrà mi, aṣọ rẹ.”

“Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ lo ti ní kí n gbé ọ. Mo ti wọn ẹrù náà, mo lè gbé e. Bọ́ bàtà rẹ kí o gùn mí.”

Ó bọ́ bàtà. Ó gùn ún. Diwúrà dìde, ó mì díẹ̀, ó fìdí múlẹ̀, ó sì wọ inú omi lọ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà gùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Ìgbésẹ̀ méje ni. Àwọn tí ń kọjá dúró. Àwọn ọlọ́kadà fọn fèrè. Bàbá Ògúntúndé ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn nínú omi, bàtà mẹ́rin ní ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ó ń mi èjìká, tí ọmọ rẹ̀ kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́ta.

Ajarat náà wà níbẹ̀, ó kó ọ̀bẹ rẹ̀ dání. Ó wo pátákó, ó wo ìyàwó, ó tún wo pátákó.

“Àṣé wọ́n ń pọ̀n ọkọ níbí lóòótọ́,” ó ní.

“Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, Ajarat,” bàbá Ògúntúndé wí. “Ìwọ ni o kò mọ̀ ọ́n kà.”